Ilẹ̀kùn Tó Ń Retí Olóore

"Ẹ kú àárọ̀ o," ni ilẹ̀kùn náà tún wí. "Ẹrù tó wà nínú sítọ́ọ̀ yìí ń retí olóore tó fi ta wá lọ́rẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù."

Ìbírónkẹ́ Ajíbóyè gbọ́wọ́ lé ìbàdí, ó dojú kọ ọ́. Ohùn ilẹ̀kùn náà dùn létí. Ohùn gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ni wọ́n rà sínú rẹ̀, ohùn tí tọmọdé tàgbà mọ̀ láti orí rédíò. Bí èèyàn bá sì ń bá irú ohùn bẹ́ẹ̀ jà, ṣe ló máa ń dà bíi pé òun gan-an ni kò lẹ́kọ̀ọ́.

"Mo ti ní sùúrù títí, ó ti sú sùúrù fúnra rẹ̀," ó dáhùn. "Asẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú ẹ. Àwọn tó fẹ́ lò ó ló jókòó sẹ́yìn mi yìí. Ṣí."

"Olóyè Adégòróyè, Baba Ìsàlẹ̀ Gbogbo Aláìsàn, yóò wá ṣí i fúnra wọn nígbà tí eruku bá rọlẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ mọ oore."

Nọ́ọ̀sì Láníyọ̀nù bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ni, ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. "Ọ̀gá Ẹrù, ẹ tún bẹ̀ ẹ́. Bóyá ẹ ò tíì kúnlẹ̀ dáadáa."

"Ìwọ máa bọ̀ wá kúnlẹ̀ fún un. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ eékún."

"Eékún olówó gọbọi yìí? Kí n fi kúnlẹ̀ fún pákó?"

Ọ̀rọ̀ náà ì bá pa Ìbírónkẹ́ lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mìíràn. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ohun èlò ilé ìwòsàn àwòlọ tó wà ní ẹkùn náà wà, àwọn ilé ìwòsàn tí aláìsàn ti ń gba ìtọ́jú láàárọ̀ tó sì ń padà lọ jẹun ilé rẹ̀ lálẹ́. Láti orí òwú títí dórí ẹ̀rọ, òun ló ń mọ èyí tó ń tán lọ àti ibi tí òmíràn yóò ti wá. Bí ojú ọjọ́ bá dára, iṣẹ́ náà kò le jù: àwòdì, ìyẹn àwọn ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké tí kò ní awakọ̀, á já ẹrù sórí òrùlé, á sì fò lọ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ọdún yìí wá bí ẹni tó wá gba gbèsè. Eruku bo ojú ọ̀run pátápátá, gbogbo àwòdì bà sílẹ̀ ní ìlú Ìṣẹ́yìn bí adìyẹ tí òjò pa, àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ náà kò sì ríran kọjá imú wọn. Asẹ́ tó kù ní ilé ìwòsàn Àgọ́-Ìṣọ̀kan níbí ti tán. Asẹ́ tuntun kún sítọ́ọ̀ fọ́fọ́, ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló sì là wọ́n láàárín.

"Ẹ jẹ́ ká fi irin já a," Láníyọ̀nù wí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìbírónkẹ́ fa ohun kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Asẹ́ kan ni, tàbí ohun tó ti jẹ́ asẹ́ rí: oje líle aláwọ̀ wúrà ti dì mọ́ ọn yíká, ó ń dán bí àdídùn. Nínú oje náà ni orúkọ olóore wà, tí wọ́n kọ rèterète.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Ní ilé ìwòsàn tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n fi irin já ilẹ̀kùn. Etí wà lára páálí kọ̀ọ̀kan, Láníyọ̀nù. Bí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ olóore àti ọpẹ́ aláìsàn kí wọ́n tó ṣí i, oje á tú sí i. Ìjọba tún wá fi Òfin Ìmoore, tó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí ẹ̀bùn lẹ́yìn olóore, gba ẹ̀bùn gbogbo lọ́wọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní báńdéèjì kan láti ìgbà náà."

Láníyọ̀nù dá a padà fún un jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ó bojú wẹ̀yìn. Gbogbo gbọ̀ngàn náà kún fún oore: ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn aláìsàn wà nínú ọ̀rá síbẹ̀, àwọn bẹ́ẹ̀dì wà nínú ọ̀rá síbẹ̀, olóore tiwọn náà kò tíì ráyè. Lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò gbágùúdá ni Láníyọ̀nù ti ń wọn àwọn èèyàn rẹ̀.

Lórí àga ike tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù ni Màmá Awẹ́ró jókòó sí. Onídìrí ni nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúró dáadáa, kò sì sí orí ìyàwó kan ní Àgọ́-Ìṣọ̀kan tí kò tíì bọ́ sáàárín orúnkún rẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́, ó kàn kó o sórí itan rẹ̀. Ojú rẹ̀ náà ti ń wú bọ̀.

"Ọmọ mi," ó pe Ìbírónkẹ́, "ṣé pákó yìí ò lọ́kọ ni? Ó yẹ kí ẹnì kan lè bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Ẹ jẹ́ n pe ọkọ rẹ̀, Màmá."

Ó gbé dígí ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó pe Olóyè Adégòróyè ní Èkó.

Olóyè jáde lójú dígí tòun ti télọ̀ méjì tí wọ́n dì mọ́ ọn lápá. Agbádá oníná ló wọ̀, irú èyí tí òwú rẹ̀ ń tàn tó sì ń kọ oyè ẹni sí àyà bí èèyàn bá ti ń rìn. Ó dà bíi pé ìdajì iná ọ̀hún ti kú.

"Ìbírónkẹ́! Ẹrù mi ńkọ́?"

"Ó wà níbí, sà. Àwọn aláìsàn tó yẹ kó lò ó náà wà níbí. Ilẹ̀kùn yín ni kò gbà kí wọ́n ríra."

"Ilẹ̀kùn gidi nìyẹn."

"Sà, ìyá kan wà lọ́dọ̀ mi. Bí a ò bá fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí, omi á dé àyà rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Òun nìkan sì kọ́."

"Áà, ó mà ṣe o! Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní mò ń bọ̀." Olóyè yí apá rẹ̀ sí télọ̀ kejì. "Eruku yìí ló fa gbogbo ẹ̀. Ó ń wọnú òwú. Lánàá mo rìn kọjá níwájú àwọn àlejò, 'Baba' nìkan ló tàn. Baba ta? Baba kí ni? Ṣé irú agbádá báyìí ni kí n wọ̀ wá gé ríbọ́ọ̀nù?"

Ìbírónkẹ́ ti la ẹnu láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, òun á sọ ọ́ tán. Ó pa ẹnu dé. Ó rántí gbogbo ayẹyẹ ìṣísílẹ̀ tó ti lọ láyé rẹ̀, ó sì gbìyànjú láti rántí èyí tí ẹni ńlá tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìpè wá fúnra rẹ̀. Kò rántí ọ̀kan. Aṣojú ni wọ́n máa ń rán, aṣojú náà á sì pẹ́ dé. Àwọn tó ṣe Òfin Ìmoore mọ ara wọn dáadáa, wọn ò gbàgbé láti kọ ọ́ síbẹ̀: olóore, tàbí ẹni tó bá ṣojú fún un. Àmọ́ ta ni yóò rán ẹlòmíì lọ gba ògo òun? Àfi bí ògo ọ̀hún bá ti fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò.

"Kò burú, sà," ó wí pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti gba kádàrá. "Ẹ jẹ́ kí eruku rọlẹ̀ náà. Ó kàn jẹ́ pé wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Olóyè Fámúyìíwá fẹ́ ṣí ẹrù tiwọn. Àwọn aláwòrán ti ń bi mí ní ọ̀nà ibẹ̀."

Télọ̀ méjèèjì dúró gbọnin. Òtítọ́ sì ni Ìbírónkẹ́ sọ. Fámúyìíwá ló ni àwọn ìwọ̀n tó wà nínú ọ̀rá.

"Fámúyìíwá?" Olóyè wí. "Tó fi ìwọ̀n ta yín lọ́rẹ? Ìwọ̀n!"

"Ìwọ̀n ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ni ìròyìn máa ń pè ní àkọ́kọ́."

"Ṣé wọ́n lè ṣí tèmi lónìí?"

"Lónìí kẹ̀? Àwọn èèyàn wa ò ju èyí tó jókòó sórí àga ike lọ, sà. Kò sí kánópì. Kò tọ́ sí ẹni bíi tiyín kó wá. Bí kò bá ṣe pé ẹ rán ẹnì kan kó ṣojú fún yín."

Olóyè Adégòróyè gbé ọwọ́ sí àgbọ̀n. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rín rọra tàn lójú rẹ̀, ó tàn ju agbádá lọ. "Kọmíṣánà! Kọmíṣánà Ìlera ni mo máa rán. Kí ayé rí i pé Kọmíṣánà ló ṣojú fún mi! Gbé mi súnmọ́ ilẹ̀kùn."

Ìbírónkẹ́ gbé dígí súnmọ́ ilẹ̀kùn, Olóyè sọ ọ́ ní ẹnu ara rẹ̀.

"A ti gbọ́," ilẹ̀kùn wí, inú rẹ̀ sì dùn gidi. "Láti ìsinsìnyí lọ, Kọmíṣánà Bánkọ́lé ni Olóyè lójú wa."

Kọmíṣánà Bánkọ́lé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi gèlè ṣe adé, gbọ́ iṣẹ́ náà lójú dígí, ó sì tún gèlè ọ̀hún ṣe lórí.

"Èmi," ó wí. "Kí n ṣojú fún Adégòróyè. Tó jẹ́ pé bàbá mi ló kọ́ ọ ní Á-Bí-Dí."

"Ẹ lè kọ̀, mà," Ìbírónkẹ́ wí. "Mo lè lọ sọ fún wọn pé ẹ kọ̀."

Ìdìbò ń bọ̀, àpò Olóyè sì jìn. Kọmíṣánà rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀. "Ta ló sọ pé mo kọ̀? Inú mi dùn jọjọ. Dírẹ́kítọ̀ mi ni kó lọ ṣojú fún mi. Ibo ni ilẹ̀kùn náà wà?"

"Dírẹ́kítọ̀ Sówándé ni Kọmíṣánà, Kọmíṣánà sì ni Olóyè," ilẹ̀kùn wí.

Láníyọ̀nù ti fa àga jókòó. "Ọ̀gá Ẹrù, ẹ máa fà á lọ. Bó pẹ́ bó yá, á dé ilé wa."

Ní òtẹ́ẹ̀lì etí ọ̀sà ni wọ́n ti bá Dírẹ́kítọ̀ Sówándé. Àpérò ló lọ, wọ́n kọ àkòrí rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀: *Bí Ohun Èlò Ṣe Lè Tètè Dé Ọ̀dọ̀ Aláìsàn*. Ẹran wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìbírónkẹ́, wọ́n ti fẹ́ pè mí sórí pèpéle. Ìwọ kọ́ lo wà níbẹ̀? Ìwọ ṣojú fún mi, jàre." Ó sọ ọ́ sí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹran mì, ó sì pòórá.

Ìbírónkẹ́ tún ìró rẹ̀ ró. Ó dúró ṣánṣán. "Ó dáa. Èmi ni Dírẹ́kítọ̀. Ṣí."

"Ó dùn wá gan-an," ilẹ̀kùn wí. "Ẹni tí ẹrù wà níkàáwọ́ rẹ̀, àti ẹni tó ń gba owó oṣù ní ilé ìwòsàn, kò lè ṣí ẹ̀bùn. Kí wọ́n má baà sọ pé ojúkòkòrò ni."

Láníyọ̀nù gbórí sílẹ̀. Lórí àga ike, bàbá awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì mí kanlẹ̀ débi pé gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.

Ìbírónkẹ́ kò kúrò lójú kan. "Ṣé èmi ni Dírẹ́kítọ̀ báyìí, àbí èmi kọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé Dírẹ́kítọ̀ lè rán aṣojú?"

"Dírẹ́kítọ̀ máa ń rán aṣojú nígbà gbogbo," ilẹ̀kùn wí, kò sì sí ẹ̀gàn kankan nínú ohùn rẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí àwọn aláìsàn. Ìbírónkẹ́ wò wọ́n, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Ẹni tó bá ṣojú fún olóore gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ olóore. Bó bá bẹ̀rẹ̀ tí kò lè parí, etí páálí á kà á sí ìwọ̀sí, oje á tú, asẹ́ á di àdídùn. Bí wọn ò bá bẹ̀rẹ̀ rárá, asẹ́ kò ní bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kí eruku rọlẹ̀ lálẹ́, kí àwòdì kan fò. Ó ṣeé ṣe. Ta ni òun láti fi èémí ìyá oníyàá ta tẹ́tẹ́?

"Èmi ni kí ẹ rán," Màmá Awẹ́ró wí.

"Màmá, ọ̀rọ̀ wọn gùn. Èémí yín ò..."

"Bí mo bá jókòó síbí títí omi fi dé àyà mi, ta ló máa ṣojú fún mi níbẹ̀? Gbé mi dìde, Láníyọ̀nù. Fi eékún olówó gọbọi yẹn ṣiṣẹ́."

Ìbírónkẹ́ rán an. Ilẹ̀kùn kí Màmá Awẹ́ró káàbọ̀ pẹ̀lú gbogbo oyè Olóyè, ó sì tan ọ̀rọ̀ sójú ara rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Màmá di ọwọ́ Láníyọ̀nù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Ẹ̀yin aláìsàn mi ọ̀wọ́n. Inú mi dùn láti wà láàárín yín lónìí. Láti kékeré ni àánú yín ti ń ṣe mí. Bí mo bá rí ẹni tó ń ṣàìsàn, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé, ẹni yìí á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan."

Bàbá awakọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Màmá ṣẹ́jú sí i, ó ń kà lọ. Ó ka ìtàn ilé ẹ̀kọ́ tí Olóyè lọ. Ó ka ti àlá tó lá. Ó dé ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ àwọn oyè sí, èémí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ó dúró. Ó gbìyànjú. Ó tún dúró. Àágùn ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀.

"A ń gbọ́ o," ilẹ̀kùn wí. "Ó ṣì kù púpọ̀."

Láti inú sítọ́ọ̀ ni ìró kan ti wá, tó kéré bíi ti ìkòkò tó fẹ́ hó. Oje ń gbóná. Ìbírónkẹ́ gbọ́ ọ, ó sì mọ ohun tó jẹ́. Ó di ọwọ́ kejì Màmá mú, kò sì mọ̀ bóyá kí òun gbà á nímọ̀ràn ni tàbí kí òun bẹ̀ ẹ́.

Màmá Awẹ́ró gbé orí sókè. Ó na àyà, ó ti ètè síwájú díẹ̀, ojú rẹ̀ wá dà bíi ti gbogbo ẹni ńlá tó ti gba ẹ̀rọ agbóhùn mú rí ní ilẹ̀ yìí.

"Nítorí àkókò," ó wí, "mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyókù, ẹ gbà pé mo ti sọ ọ́."

Ìró tó wà nínú sítọ́ọ̀ náà dákẹ́.

"A gbà pé ẹ ti sọ ọ́, Olóyè," ilẹ̀kùn wí. "Ọ̀rọ̀ yín wọni lára. Ó ku kí aláìsàn kan dúpẹ́."

Màmá yíjú sí apá òsì. "Mo dúpẹ́ o, Olóyè." Ó yíjú sí apá ọ̀tún, ó ju ọwọ́ nù bí ẹni tó ti sú. "Kò tọ́pẹ́, ìyá. Kò tọ́pẹ́."

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn náà, àwọn tí èémí wọn kò tó pàápàá rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn kò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Aláìsàn ti dúpẹ́, olóore ti dáhùn. "Ṣé Olóyè ní ọ̀rọ̀ mìíràn kí a tó ṣí?"

Màmá ti fẹ́ sọ pé rárá. Ìbírónkẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Nǹkan kan ti là sí i lójú. "Olóyè," ó wí fún onídìrí náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó tiẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ẹrù yín tó wà ní àwọn ilé ìwòsàn yòókù. Gbogbo wọn ló wà ní títì."

Màmá Awẹ́ró wò ó. Ọlọ́gbọ́n obìnrin ni. "Òótọ́ ni, ó fẹ́ bọ́ lórí mi. Ilẹ̀kùn, gbogbo ẹrù tí orúkọ mi wà lára rẹ̀, níbikíbi tó bá wà, ẹ ṣí i. Kí wọ́n máa gbé e lọ síbi tí aláìsàn bá wà. Mi ò gba ọpẹ́ mọ́. Ọpẹ́ ti yó mi."

"Bí Olóyè ṣe wí," ilẹ̀kùn wí, ó sì ṣí.

Láníyọ̀nù kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti wọlé, ó ti gbé páálí jáde, ó ti ń fa ọ̀rá ya. Lójú dígí ọwọ́ Ìbírónkẹ́, níbi tí àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ máa ń hàn sí bí àmì pupa, ọ̀kan yí padà di ewé tútù. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà wọ́n ń yí lọ bí àgbàdo tó ń bú nínú agbada: asẹ́, oògùn ìfúnpá, abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, afẹ́fẹ́ ìmísínú, gbogbo ohun tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é láti ibi gbogbo, wọ́n ń pariwo pọ̀. Ó wo gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pariwo tiẹ̀, ariwo ńlá kan tí kò yẹ ọ̀gá, ó sì gbé ẹsẹ̀ jó yí àga ike ká.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ Màmá Awẹ́ró ti ń gba inú asẹ́ tuntun kọjá, ó ń padà sára rẹ̀ ní mímọ́ bí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tòrò, èémí rẹ̀ sì ti balẹ̀. Ìgbà náà ni Olóyè Adégòróyè pè.

Ìbírónkẹ́ mú ọkàn le. Bí wọ́n bá fẹ́ lé òun lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n lé òun. Àwọn páálí ọ̀hún ti ṣí, oje kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

"Ṣé o ti gbọ́ ìròyìn?" Olóyè wí. Agbádá ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù, ó sì ń tàn ju ti àárọ̀ lọ. "Wọ́n ní kò sí olóore kankan nílẹ̀ yìí tó ṣí gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan rí! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò ẹ̀."

"A mọ̀, sà."

"Ta ló ṣojú fún mi? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi kúrú, ó sì jinlẹ̀."

"Èmi ni," Màmá Awẹ́ró wí láti orí àga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. "Olóyè, a ṣe é dáadáa, èmi pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sùn díẹ̀."

Kò tíì kúrò lójú dígí tí Olóyè Fámúyìíwá fi pè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè ṣí àwọn ìwọ̀n rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, bóyá bàbá awakọ̀ tó rí lẹ́yìn Ìbírónkẹ́ kò ní kọ̀ láti ṣojú fún un, àti bóyá wọ́n lè kọ ọ́ pé òun kò gba ọpẹ́ rárá, kódà òun kò gba ọpẹ́ ju Adégòróyè lọ. Olóore mìíràn wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n ń ti ara wọn, fìlà ń kọlu fìlà. Kọmíṣánà Bánkọ́lé fúnra rẹ̀ yọjú sáàárín wọn, ó ní òun ní nǹkan kéékèèké kan tí òun fẹ́ ṣí.

Ìbírónkẹ́ Ajíbóyè fa àga ike kan, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tò," ó wí fún wọn. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé la máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí a ṣe ń ṣe fún aláìsàn níbí nìyẹn."